Àwọn Ṣọ́jà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gá Mi

Bí mo bá rántí ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì tí a ti ń ya máàpù ilẹ̀ ní Enugu, awò dúdú ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn. Kì í bọ́ ọ nínú ilé bó bá ti ti ọsibítù dé. Àrùn tí dókítà ń pè ní sọráyásíìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Awọ ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń bó. Wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á wá tan iná àrà ọ̀tọ̀ kan sí ọwọ́ náà; oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ojú lè gba ìmọ́lẹ̀, ló fi ń lo awò.

Ayé ìjọba ológun ni. Mo bi í léèrè ohun tí iná náà ń ṣe.

“Àwọn ṣọ́jà inú ẹ̀jẹ̀ mi ló gbàjọba lórí awọ mi,” ó wí láì rẹ́rìn-ín. “Wọ́n rò pé ọ̀tá ni. Iná yẹn ń pa díẹ̀ lára wọn, àwọn yòókù á padà sí báráàkì.”

Láràárọ̀ ló máa ń na ọwọ́ sí wa láti bọ̀ wá lọ́wọ́. Àwọn kan á ní fáìlì kún ọwọ́ àwọn. Èmi máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n sì ń yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ó nà án, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“A dúpẹ́, sà,” ni mo wí. “Kò lè ràn mọ́.”

“Kò ràn rí,” ni ó wí. Ó ní kí n lọ gbé máàpù Abakpa wá.