Láwàlì Àpọ́nlé àti Fíríísà Ògbólógbòó

Bí ẹ bá dé Ọ̀tà, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àpọ́nlé ni wọn yóò júwe fún yín. Láwàlì lorúkọ wọn. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni wọ́n, wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì tó gba gbogbo oko. Ẹnu wọn mú. Wọ́n ní àwa àlejò àná ló ń júwe ọ̀nà fún onílé.

Èmi Jemimah ni mò ń tọ́jú láàbù ní yunifásítì kan níbẹ̀. Lọ́dún 2012, ọ̀gá mi, Dókítà Ṣóbándé, fẹ́ wádìí bí imú ènìyàn ṣe ń mọ òórùn. Àwọn ohun tíntìntín kan wà nínú imú tó ń gba òórùn mú, ojú lásán kò lè rí wọn. Èròjà kan tó ń jẹ́ áńtíbọ́dì ló lè wá wọn kàn. Yóò lẹ̀ mọ́ wọn, wọn yóò sì máa tàn bí ewé tútù lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Oṣù mẹ́rin la fi dúró de áńtíbọ́dì náà láti òkè òkun. Ìgò rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ.

Ọ̀gá mi fà á lé mi lọ́wọ́. "Jemimah, kò sí òmíràn o. Tó bá bàjẹ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn." Iṣẹ́ tèmi náà á parí, torí ìwádìí yìí ni wọ́n ṣe gbà mí.

Mo kórìíra ìdọ̀tí. Yìnyín ti dì gbàgà mọ́ fíríísà ògbólógbòó wa lára, ojú mi ò gbà á. Mo yọ ọ̀gá mi lẹ́nu títí wọ́n fi ra tuntun, irú èyí tí kì í ní yìnyín rárá. Lọ́jọ́ Ajé, mo kó áńtíbọ́dì sínú rẹ̀, mo ń yangàn kiri. Ọ̀gá mi ní kí Bàbá Àpọ́nlé wá gbé ògbólógbòó náà, ó ti di tiwọn.

Bàbá dé lọ́jọ́bọ̀. Tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí.

"Ọmọ mi, kí lo kó síbí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó delicate gan-an. Ó gbọ́dọ̀ máa tutù ní gbogbo ìgbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Wọ́n ní ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ìwọ pe yìnyín ní ìdọ̀tí. Heater wà nínú èyí tó ń yọ́ yìnyín ẹ̀, kò sí nínú ògbólógbòó. Á móoru, á tún tutù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe lójoojúmọ́."

Inú bí mi. Ta ló ní kí mẹkáníìkì fíríìjì wá kọ́ mi níṣẹ́ mi? Mo fa ìwé tó bá ìgò náà wá yọ kí n fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríísà tó ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀. Mo na ìwé náà sí wọn.

Bàbá ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ki wáyà ògbólógbòó padà, wọ́n dúró tì í títí ó fi tutù, wọ́n ní kí n kó nǹkan mi sí i. Wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, a kán díẹ̀ nínú áńtíbọ́dì náà sára awọ imú tí a ní lọ́wọ́. Ọ̀gá mi tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Wá wò ó." Ó ń tàn! Ibi tó yẹ kó tàn nìkan ló ti tàn, awọ kejì tí a ò kán nǹkan kan sí sì dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún ayọ̀. Ọ̀gá mi ní ọjọ́ mẹ́ta ò tíì bà á jẹ́, àmọ́ oṣù mẹ́ta ì bá bà á jẹ́ pátápátá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ dúpẹ́ nílé Bàbá Àpọ́nlé ní Itele. Ìyàwó wọn, Màmá Àìṣát, ń tajà níwájú ilé. Wọ́n ti gbá igun kan mọ́ de fíríísà nínú ṣọ́ọ̀bù ìtajà wọn, wọ́n sì ti gbé pátákó kan kọ́ síta: OMI TÚTÙ WÀ.

"Bàbá Àìṣát," ni wọ́n ń wí bí mo ṣe ń wọlé, "látàná ni mo ti ń bi yín. Fíríísà tẹ́ ẹ ní ẹ ń lọ gbé dà?"

"Kò tíì tó rẹ́tíà," ni èsì Bàbá. "Wọ́n ti pè é padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá Àìṣát yíjú sí mi. "Nǹkan yín ò ṣáà bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, Mà."

"Alhamdulillahi." Wọ́n gbé pátákó náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé àga wá fún mi.