Onírédíò tó ní ilẹ̀ máa mì ní Aládé

Ọkùnrin kan fi ariwo rédíò lé ìyá mi jáde nílé lónìí!

Mo dé ilé wa ní Aládé, mo bá Màámi níta, wọ́n ru àpótí aṣọ. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé rédíò sẹ́nu ọ̀nà wa, rédíò náà ń hó ṣììì.

Ó ní, "Iná mànàmáná tí àpáta abẹ́ òkè yìí ń tú jáde kí ilẹ̀ tó mì ni rédíò yìí ń gbọ́. Ilẹ̀ máa mì kílẹ̀ tó ṣú."

Mo wọlé, mo yọ ṣájà fóònù. Ariwo rédíò dákẹ́; ṣájà wa ló ń fà á.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ilẹ̀ ò ní mì mọ́ nìyẹn?"

Ó ní mi ò kàwé tó.

Àwọn onímọ̀ gidi ṣì ń wádìí bóyá irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ṣáájú kí ilẹ̀ tó mì, wọn ò tíì fọwọ́ sọ̀yà. Òpònú yìí ti mọ̀ ọ́n tán!

Màámi ṣì ru àpótí wọn, wọn ò fẹ́ wọlé.

Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ni, kí lẹ máa ṣe fún ọ̀gbẹ́ni yìí?