Àwọn Ojú Tí Ìyá Àgbà Kò Họ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Alabar, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ òkèèrè, kò sí àwòrán kan nílé wa tó lójú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ nílé alfa mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní ìṣó kan tó máa ń so mọ́ etí ìró rẹ̀. Bí a bá ra tòmátò alágolo dé, kí a tó ṣí i, á ti fi ìṣó họ ojú obìnrin tó wà lára rẹ̀ dànù. Ẹja ara agolo sàdíìnì pàápàá kò bọ́. A ó wá máa mu kókó, ìyẹn ògì, pẹ̀lú àkàrà kóósè láàárọ̀, àwọn afọ́jú tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn wa.

Ìyá Àgbà a máa sọ pé, "Málàíkà kì í wọ yàrá tí àwòrán bá ti lajú. Ẹni tí málàíkà bá sì fi sílẹ̀, ṣèétánì ti rí i nìyẹn." Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi bàjẹ́ nígbà tí tíṣà wa ní a ń lọ sí ilé àwòrán ńlá tó wà láàárín ìlú. Bí mo bá sọ fún Bàbá, kò ní jẹ́ kí n lọ. Bí n kò bá sì lọ, ẹgba tíṣà ń dúró dè mí. Nínú tróótró, ọkọ̀ èrò tó gbé wa, àwọn yòókù ń kọrin, èmi ń ka àdúrà ààbò, Áyátúlì Kúrísíyù, lábẹ́nu.

Inú ibẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ọ̀dà. Ojú ló kún ara ògiri: ojú ọba, ojú apẹja, ojú ọmọ ọwọ́, gbogbo wọn là sílẹ̀ kedere. Mo di síkẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi Akosua mú lẹ́yìn, mo dijú, mo ń tẹ̀ lé e. N kò mọ ìgbà tí síkẹ́ẹ̀tì náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo lajú, èmi nìkan ló kù nínú yàrá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà mi, mo gbàgbé rẹ̀ láàárín. N kò gbàgbé rẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé málàíkà ti lọ nìyẹn, ìtọ̀ sì ń ṣàn sí ìbọ̀sẹ̀ mi.

Iwájú mi gan-an ni àwòrán obìnrin kan wà, ó jókòó ti àtẹ ìlẹ̀kẹ̀, àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti Ìyá Àgbà. Èmi ló ń wò. Mo tẹjú mọ́ ọn, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yíjú, yóò sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró títí ọlọ́dẹ ibẹ̀ fi dé, tó fi èdè ìlú náà bi mí ohun tí mò ń sunkún sí: "Adɛn nti na woresu?" Mo ní, "Mesuro." Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó fà mí lọ bá tíṣà, tíṣà sì fi ìkúùkù gbá mi lórí.

Ìyá Àgbà nìkan ni mo sọ fún. Ó gbàdúrà sí mi lórí, ó wá rọra béèrè pé, "Ṣé obìnrin náà rẹwà?"

Lónìí, ní Asawase tí a ń gbé báyìí, àwọn ọmọ mi ń ya ara wọn ní fótò bí wọ́n ṣe ń jẹ wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà. Fótò Ìyá Àgbà kan ṣoṣo ló wà, èyí tó yà torí ìrìn àjò Mẹ́kà. Ìborí rẹ̀ wà níbẹ̀, àbàjà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé láti Mẹ́kà ló ti fi ìṣó rẹ̀ họ ojú méjèèjì dànù. Ọmọ mi obìnrin bi mí lọ́jọ́ kan bí ojú náà ṣe rí. N kò rántí rẹ̀ mọ́.

Mo ti ń lọ sí ilé àwòrán yẹn láti ọjọ́ tó bi mí, láti lọ dúró síwájú obìnrin onílẹ̀kẹ̀ tó ní àbàjà bíi ti Ìyá Àgbà. Nígbà èwe mi, ẹ̀rù bà mí pé ó ń wò mí. Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ni pé lọ́jọ́ kan n ó débẹ̀, wọn á ti gbé e kúrò lára ògiri.