Iyanrìn Tí Bàbá Bù Sí Mi Lọ́wọ́

Lásìkò tí owó epo dé, tí gbogbo èèyàn ń kọ́lé, ni mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n sì gbà mí síbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù l'Okokomaiko. Háà, inú mi dùn! Èmi náà dẹni tó ń ṣiṣẹ́! Tí típà bá já iyanrìn, èmi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá dáa, màá buwọ́ lùwé fún dẹ́rẹ́bà; tí ò bá dáa, màá dá a padà.

Àmọ́ kí ni mo mọ̀ nípa iyanrìn? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gba típà kan tó ti etí omi Ọ̀jọ́ wá. Iyọ̀ ló kún inú ẹ̀. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù ẹ̀ gbẹ, nǹkan funfun yọ lára ẹ̀, ó sì ń rún. Fọ́máànù ní, "Tó o bá tún gba irú ẹ̀, ilé yín ni wàá lọ."

Látọjọ́ yẹn, gbogbo ara mi kàn kú. Mi ò sunkún, mi ò bínú. Mo kàn ń wo iyanrìn.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń po sìmẹ́ńtì. Àwọn ni wọ́n ń yẹ iyanrìn wò kí n tó dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ́ mi.

"Sìsì akọ̀wé, ṣebí ìwé lẹ kà? Ẹ ṣí i, ẹ wò ó níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n kọ́ ẹ tán, kí wọ́n wá ní kí n máa lọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, típà kan já iyanrìn sílẹ̀. Bàbá ń kọjá, wọ́n bù ú, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tutọ́. Wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Mo rí itọ́ yẹn, mo sì ní mi ò gbà á.

Dẹ́rẹ́bà pariwo: "Ọmọ àná yìí! Ta ló kọ́ ẹ níyanrìn?"

Fọ́máànù wá, òun náà tọ́ ọ wò. "O káre! Ojú ẹ ti là!"

Gbogbo lébìrà ń wò mí. Ó yẹ kínú mi dùn, àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ẹnu mi kàn sọ ọ́: "Èmi kọ́ o, sà. Bàbá ni. Mi ò mọ nǹkan kan."

Fọ́máànù wò mí títí, ó wá yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni." Mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kankan dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, Bàbá pè mí. "Ọmọ mi, tẹ́wọ́." Wọ́n bu iyanrìn sí i. "Fi omi sí i, kó o fọwọ́ ra á. Tó bá fi ẹrẹ̀ sí ẹ lọ́wọ́, amọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ó yá, tọ́ ọ wò."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ́ mi?"

"Mo ní kó o tọ́ ọ wò!"

Mo tọ́ ọ. Iyanrìn ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín mi, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

"Ó níyọ̀! Bàbá, ó níyọ̀!"

Típà mìíràn fun fèrè lẹ́nu géètì. Mo sáré lọ pàdé ẹ̀.