Ẹja Tí Mo Fi Ọ̀kadà Gbé Wá Sódò Wa

Ẹja kan wà nínú odò wa ní Ajílété tí ìjọba ń dáàbò bò. Èmi ni mo fi ọ̀kadà gbé e débẹ̀.

Obìnrin olùkọ́ yunifásítì kan ló ń wá a kiri. Ẹja náà kéré ju ìka lọ, ó ń dán bíi síbí, ilà dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mú àwọn lọ sódò. Wọ́n ní kò léyín lẹ́nu, ọ̀fun ni eyín rẹ̀ wà. Pé kò sí níbòmíì ju ìhà tiwa yìí àti orílẹ̀-èdè Benin lọ, ó sì ti ń tán.

Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sínú odò, wọ́n gbọ́.

“Eyín lọ́fun kẹ̀? Ọ̀nà méjì lẹja pín sí: èyí tí à ń yọ egungun ẹ̀, àtèyí tí à ń rún mọ́ egungun.”

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé ẹja náà kún odò wa. Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan la rí. Ojú tì mí. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, mo gun ọ̀kadà lọ sí odò kan lẹ́bàá Ifọ̀nyìntẹ̀dó, níbi tí mo mọ̀ pé ó wà, mo bu díẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Aṣọ́bodè dá mi dúró lọ́nà.

“Kí lo gbé?”

“Ẹja ni, sà.”

“Ìrẹsì ńkọ́, lábẹ́ ẹja?”

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó wá a títí, ó ní kí n máa lọ.

Mo da ẹja sódò kí olùkọ́ tó dé. Nígbà tí wọ́n fi àwọ̀n gbé e, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n kọ odò wa sínú ìwé.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìjọba ri pátákó mọ́ etí odò: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́, torí omi ẹ̀gẹ́ ń pa ẹja. Ibẹ̀ ni Màmá àgbà ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n wá ń rẹ ẹ́, èmi ni mo ń pọnmi kànga síbẹ̀. Gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo bá dà, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ni mi ò lè gbà mọ́ tí mo fi jẹ́wọ́.

Wọn ò dẹ́kun fùfú tí wọ́n ń sẹ́. “Ìwọ lo kó wọn wá?”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Lọ kó wọn padà.”

Mo lọ. Àṣé láti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ti kúrò lódò, àwọn ẹja náà ti bímọ. Wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń ṣá mi lẹ́sẹ̀ jẹ. Irọ́ tí mo pa ti kún odò, pátákó sì wà lókè orí mi. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi tutù, mo gba ìdí kànga pọnmi padà.

Màmá àgbà yọjú wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. “Ẹja dà?”

“Omi ni, Màmá.”

Wọ́n nawọ́ sí dúrọ́ọ̀mù. Mo dà á síbẹ̀. Wọn ò ṣàdúrà.