Eré Ìje Ọkọ̀ ní Etí Odò Ọya

Mo rántí òórùn epo àti eruku pupa tó máa ń gba imú wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní Onitsha, nígbà tí ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tí àwọn ará ìlú ń tún ilé wọn kọ́. Báǹkì ló gbé mi láti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Mo gba yàrá kan ní àdúgbò Odoakpu, mo sì rò pé nígbà tí mo ti ń wọ táì, tí mo sì mọ ọkọ̀ wà, kò sí ohun tí ìlú náà lè kọ́ mi. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Pápá gbalasa kan wà nísàlẹ̀ Bridge Head, ìdí afárá, létí Odò Ọya. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ti máa ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun o. Òkú ọkọ̀ tí ogun fi sílẹ̀ nínú igbó ni wọ́n ń wọ́ jáde. Wọn a ki ẹ́ńjìnnì tìhín bọ inú tọ̀hún, wọn a yọ gíláàsì dànù, wọn a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbá òfìfo ni wọ́n fi ń sàmì sójú ọ̀nà. Bàbá Ìlọrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Ó ti gbé Onitsha ṣáájú ogun, ó sì padà wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ Ìgbò bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ẹni tí èrò ń tìtorí rẹ̀ wá ni mẹkáníìkì gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rí egungun Pijó funfun kan lẹ́yìn ilé ìwé tí bọ́ǹbù wó, ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù jí i dìde. Kò sí ọkọ̀ tó ń lé e bá.

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ fún ìje àṣekẹ́yìn ọjọ́ náà, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú opó gba àárín èrò kọjá. Gàrí ló ń tà ní Relief Market. Ó tẹrí bọ inú Pijó náà, ó fọwọ́ pa ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ó sì figbe ta.

“Kí ló ń sọ?” ni mo bi bàbá Ìlọrin.

“Ó ní ọkọ̀ ọkọ òun nìyí. Ó ní òun lòun fi òwú pupa rán ìjókòó yẹn nígbà tó ya. Ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ jáde nígbà ogun, kò sì padà wálé.”

Èmi akọ̀wé bá tún táì mi ṣe, mo bọ́ síwájú, mo fi gẹ̀ẹ́sì báǹkì béèrè ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà. Bàbá Ìlọrin fà mí láṣọ sẹ́yìn.

“Pa ẹnu rẹ mọ́, ọmọ mi. Ìwé wo ló kù nínú ìlú tó jóná? Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò mí. Mẹkáníìkì náà ló kọjú sí. Bàbá Ìlọrin rọra ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí mi létí.

“Ṣé ẹnì kankan wà nínú ọkọ̀ náà nígbà tó o rí i?” ni obìnrin náà bi í.

“Rárá, Nne, ìyá mi. Òfìfo ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.”

Mẹkáníìkì náà na kọ́kọ́rọ́ sí i. Obìnrin náà kò gbà á. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sórí òwú pupa rẹ̀, ó ní, “Wà á. Jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ sá ìje náà. A rò pé mẹkáníìkì náà yóò rọra wà á, àfi bí a ṣe rí obìnrin náà tó ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ pé kó máa sáré. Wọ́n ṣíwájú títí omi ọkọ̀ fi hó, èéfín bolẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì kọjá lára wọn. Nígbà tí obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, omijé ti la ọ̀nà sínú eruku ojú rẹ̀. Ó béèrè omi, ó mu ún, ó ní, “Ọkọ mi kì í sáré tó bẹ́ẹ̀.”

Ọkọ̀ di ti obìnrin náà láìsan owó. Mẹkáníìkì náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á lórí pápá yẹn kan náà, òun ló sì ń tún un ṣe fún un. Gàrí ni obìnrin náà ń fi kó lọ sọ́jà. Mẹkáníìkì náà kò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló ń dúró sí láti wo àwọn yòókù. Kò pẹ́ tí owó epo rọ̀bì fi dé. Ọkọ̀ tuntun ń ya gba orí afárá wọ̀lú, kò sẹ́ni tó tún ń wọ́ òkú ọkọ̀ nínú igbó. Wọ́n kọ́ ilé ẹrù sórí pápá, báǹkì sì gbé mi lọ síbòmíràn.

Ká ní mẹkáníìkì náà kọ̀ láti fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi í ṣe. Nígbà èwe mi, òmùgọ̀ ni mo pè é. Ní báyìí tí orí mi ti funfun, mo ti rí ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n fi owó kọ́. Mo sì mọ̀ pé kí owó tó dé Onitsha, irú ọkùnrin yẹn ti ń tún ìlú náà kọ́.