Alágbàfọ̀ àti Èjìká Òsì

Ọ̀rọ̀ ńlá ni mo fẹ́ fi tó yín létí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbára dì: alágbàfọ̀ àdúgbò wa kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn kó tó wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Bí o bá ní "Ẹ káàárọ̀," ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bà lé ọrùn ẹ̀wù, á yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni "Káàárọ̀, ṣé dáadáa lo jí?" á tó jáde. Ẹni tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bá dọ̀tí, "Hùn" ni tirẹ̀.

Ẹ má rò pé owó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń rán aṣọ, àìmọye ìgbà ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ó ti kọ́lé, ó ti rán ọmọ níléèwé, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń mí bí ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, obìnrin kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Pákó fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wọn, ohun tó sì ń ti ẹ̀yìn pákó yẹn wá lójoojúmọ́ ni: "Télọ̀, gbogbo ẹni tó rí mi ló ń béèrè ẹni tó rán an!"

Ẹni tó lọ̀ ọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó béèrè rí.

"Baálé mi, ṣé wọn ò sanwó fún yín ni?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Wọ́n san."

"Kí lẹ wá ń bínú sí?"

"Ṣé owó máa ń kíni ni?"

"Ó máa ń kí èmi o." Ìyàwó gba owó ọbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àṣírí kan wà tí alágbàfọ̀ gbé mì. Èjìká òsì gbogbo kóòtù tí télọ̀ bá rán máa ń wú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí alágbàfọ̀ ti ń fi aṣọ tútù àti ooru rọ̀ ọ́ títí á fi jókòó, tí ẹlòmíràn á sì gba ìyìn. Nígbà tí tíṣà kan wá gbé kóòtù tuntun sílẹ̀ fún lílọ̀, tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi òun ṣe ọ̀gá iléèwé, owú ru bo bàbá lójú. Ó lọ kóòtù náà títí ó fi ń dán, ó sì fo èjìká òsì. Kí ayé wá wo iṣẹ́ télọ̀ níhòòhò!

Ọjọ́ kejì ayẹyẹ náà ló gbọ́ ohùn ọ̀gá iléèwé lẹ́yìn pákó. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀, ó sì fi etí lé pákó.

"Télọ̀, àwọn ọmọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ológbò wo ni mo gbé sábẹ́ èjìká."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ bọ́ ọ kí n wò ó, sà." Télọ̀ yẹ èjìká náà wò. "Háà! Ara alágbàfọ̀ ò mà yá o."

"Kí ló kan alágbàfọ̀ níbẹ̀?"

"Òun ló máa ń bá mi parí rẹ̀, sà. Èjìká òsì ti ń bá mi jà láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ràn sí. Kí lẹ rò pé ó fà á tí mo fi ń rán gbogbo yín lọ síbẹ̀?"

Kí inú alágbàfọ̀ tó ráyè dùn, imú rẹ̀ gbọ́ òórùn. Ṣòkòtò oníṣòkòtò ti ń jó.

Télọ̀ sáré wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Ó rí ojú jíjó, ó rí ipa pákó lára etí bàbá. Ọlọ́gbọ́n ni, kò béèrè.

"Àbúrò, mo..."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni télọ̀ fi já a lẹ́nu. Ojú ń ti alágbàfọ̀ débi pé kò lè parí òwe náà.

Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀: kóòtù bọ́ sábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ṣòkòtò lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Télọ̀ gé aṣọ díẹ̀ nínú ìṣẹ́po ẹsẹ̀, ó fi dí ojú jíjó débi pé ẹni tó jó o gan-an wá a tì. Bí abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ẹnu àpò tó ti ń ya ṣe.

Oníṣòkòtò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ẹ wo àpò mi! Ó mà ti di tuntun! Alágbàfọ̀, ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Ìbéèrè tí bàbá ti ń retí láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nìyí, ó dé lójúkojú. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn pákó, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lójijì.

Ẹ̀yin tí ẹ ò jowú rí láyé yín, ta lẹ̀ bá dárúkọ?